Tísà Kọ́mà-Òkè ti Ajégúnlẹ̀: Ìgbésí Ayé Alhaja Moríyọ̀ Gbàdàmọ́sí (1954–2025)

Ní ọdún 1954, ní agbo ilé Mọ́gàjí, ìlú Ìwó olódò Ọbà, ni Alfa Bùsárì Mọ́gàjí àti aya wọn Àwáwù bí ọmọbìnrin kan. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà dé ni ìròyìn kan bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ wà fún wọn ní èbúté Àpápá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Moríyọ̀. Ọmọ ọjọ́ náà ni ìyá tí ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ péjọ lónìí láti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ fún: Alhaja Moríyọ̀ Gbàdàmọ́sí, Ìyá Àdínì, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí tọmọdé tàgbà Ajégúnlẹ̀ mọ̀ sí Tísà Kọ́mà-Òkè.

Ní ọdún 1960, àwọn òbí wọn kó wọn wá sí Ajégúnlẹ̀. Bàbá ń ru ẹrù ní èbúté, ìyá sì ń fọṣọ ní ilé ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní GRA Àpápá. Moríyọ̀ a máa tẹ̀lé ìyá wọn lọ síbẹ̀. Wọ́n kọ MANAGER'S LODGE sára géètì ilé náà, àmì kékeré kan sì wà láàárín R àti S. Ìyá wọn rò pé eṣinṣin ló yàgbẹ́ síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń nu géètì ni wọ́n ń fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ibẹ̀, títí ọ̀dà fi fẹ́ bó. Baba Preye, ará Ìjọ̀ tó ń se oúnjẹ nílé náà, ló rí wọn lọ́jọ́ kan tó fẹ́ fi ẹ̀rín kú. “Mama Moriyo, no wash am o! Na that small thing dey tell people say the house get owner.” Ọmọdébìnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì kúrò lọ́kàn wọn títí ọjọ́ alẹ́.

Wọ́n jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, wọ́n parí ti girama ní 1973. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń lọ sílé ọkọ, bàbá wọn, tí wọn kò lè kọ ju orúkọ ara wọn lọ, ní ọmọ àwọn ṣì ń kàwé. Ní ọdún 1977, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ìjọba sì gbà wọ́n síṣẹ́ ní ilé ìwé girama kan ní Ajégúnlẹ̀ níbí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ká sọ òótọ́, gbogbo nǹkan tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì ni Alhaja mọ̀ ọ́n kọ́, ṣùgbọ́n àpọ́sítírófì ló gba ọkàn wọn. Kọ́mà-òkè ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é, nítorí ó dà bíi kọ́mà tó gun òkè lọ jókòó. Ní Ajégúnlẹ̀ nígbà náà, àti títí di òní, ibi tí S bá ti parí ọ̀rọ̀ lórí pátákó, dandan ni kí wọ́n fi kọ́mà-òkè há a láyà. Onítáyà a kọ TYRE'S, onífọ́tò a kọ PHOTO'S, alágbo a kọ HERB'S. Bí Alhaja bá rí i, ara wọn kì í lélẹ̀, bí ẹni tó rí ènìyàn tó wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Wọ́n á ní iṣẹ́ méjì péré ni àmì náà ń ṣe. Èkíní, ó ń sọ ẹni tó ni nǹkan. Bí obìnrin kan tó ń jẹ́ Ebiere bá ni ṣọ́ọ̀bù ìṣerun, EBIERE'S SALON ni. Bí ó bá jẹ́ pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló jọ ni ín, S yóò kọ́kọ́ wọlé kí àmì tó tẹ̀lé e: SISTERS' SALON. Èkejì, ó ń di àyè mú fún lẹ́tà tó ti jáde lọ, bí ó ti rí nínú DON'T. Kò sí iṣẹ́ kẹta. Wọ́n á ní táyà mẹ́wàá kò ni nǹkan kan, wọ́n kàn pọ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má fi àmì onílé sí wọn lára. Bí ọmọ tó mòye bá wá bi wọ́n léèrè ITS, tó ń sọ̀rọ̀ ìní síbẹ̀ tí kò ní àmì, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní onílé kan wà tí kì í kọ orúkọ sára ilé rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ kò sì sí nínú ìwé ìjọba. Wọ́n á to àwọn ọmọ kíláàsì, ó di ojú ọ̀nà ọjà Bóúndárì. Níwájú pátákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní kí ọmọ kan béèrè lọ́wọ́ onílé: “Who get this shop?” Nígbà tí onílé bá dáhùn, wọ́n á jọ wo pátákó bóyá ó bá ìdáhùn náà mu.

Ọ̀nà yìí ló mú ọkọ wá. Ní ọdún 1979, àhesọ gba àdúgbò kan pé kánsù ń bọ̀ wá bu owó lé àwọn tó ní pátákó ìta. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù ni Tísà Moríyọ̀ yọ pẹ̀lú gèlè àti awò ojú, àwọn ọmọ tẹ̀lé wọn, gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń wo pátákó, wọ́n ń béèrè ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ojú ọ̀nà dàrú! Àwọn kan ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan yí ojú pátákó sára ògiri. Ẹnìkan ta ẹní lé tirẹ̀ lórí. Fidelis onítáyà, ará Ùròbò, sá wọlé, ó sì gbàgbé àtíìsì tó ń kọ pátákó rẹ̀ sórí àkàbà. Àtíìsì ọ̀hún ni Lùkúmọ̀n Gbàdàmọ́sí.

“Madam, abeg o!” ni Lùkúmọ̀n kígbe látòkè, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. “No be me get signboard! Na only paint I carry come!”

“Ẹ rọra, ọ̀gá àtíìsì, ẹ má jábọ́,” ni Alhaja wí. “Olùkọ́ ni mí. Kí ni ẹ fi àmì yẹn ṣe lórí táyà?”

“Ẹ̀ṣọ́ ni, mà. Bí mi ò bá fi sí i, pátákó ọ̀hún á rí bí ọkùnrin tó lọ sóde láìdé fìlà.”

Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Alhaja kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró lábẹ́ àkàbà, wọ́n ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àtíìsì sì fi àkísà nu àmì náà kúrò. Fidelis ti yọjú nígbà náà. “Oga, why you clean am? Na that thing make the signboard fine!” Ìbínú rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun ni ó wá di ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì jù.

Láti ọjọ́ yẹn, Lùkúmọ̀n kò fi kọ́mà-òkè ṣe ẹ̀ṣọ́ mọ́. Oníbàárà ń bínú, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ àtíìsì mìíràn tí yóò fi àmì sí i bí ọkàn wọn ṣe fẹ́. Bí àríyànjiyàn kan bá ti ṣẹlẹ̀, ó di ẹnu géètì ilé ìwé, kí Tísà wá là á. Ẹbí kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo àríyànjiyàn yẹn ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí a mọ̀ ni pé ní ọdún 1981, wọ́n so yìgì ní Ìwó, ìyàwó àti ọkọ sì gba yàrá kan ní ilé olójúkojú kan ní Ajégúnlẹ̀. Yàrá tó dojú kọ tiwọn ni Fidelis, aya rẹ̀ Rukevwe, àti ọmọ wọn Ese tí wọ́n bí ní 1980 ń gbé.

Rukevwe dùbúlẹ̀ àìsàn ní ọdún 1984. Kó tó dágbére fáyé, ó di ọwọ́ Alhaja mú. “Tisa, abeg, hold Ese for me. But no let am forget church.” Alhaja ṣèlérí méjèèjì. Lẹ́yìn ìsìnkú, Fidelis ní òun ń lọ wá iṣẹ́ ní Gabon, òun yóò padà kí Kérésìmesì tó dé. Kérésìmesì dé, Fidelis kò dé, a kò sì gbúròó rẹ̀ títí di òní.

Àwọn àgbà ní ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílé yìí. Orí bẹ́ẹ̀dì Alhaja ni Ese ń sùn. Ẹ̀wù ọdún tí Alhaja bá rán fún ara wọn, aṣọ kan náà ni wọ́n ń rán fún Ese. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Alhaja á wọ híjáàbù, wọ́n á mú un lọ sí ìjọ ìyá rẹ̀, wọ́n á sì jókòó sí abẹ́ igi ẹ̀bá géètì, wọ́n á máa máàkì ìwé àwọn ọmọ títí ìsìn yóò fi parí. Àwọn kan ní mọ́sálásí sọ̀rọ̀ sí i, wọ́n sọ títí ó sú wọn. Abẹ́ igi yẹn náà ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi rí bánà WOMENS FELLOWSHIP. Wọn kò lè mú un mọ́ra. Wọ́n gba àga, wọ́n gùn ún, wọ́n fi bíírò fi kọ́mà-òkè sí àyè rẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ kọ́kọ́ bínú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn fúnra wọn ló gbé bánà tuntun wá sábẹ́ igi kí wọ́n tó gbé e kọ́.

Àṣà wa ni pé orúkọ àkọ́bí là ń fi pe ìyá. Alhaja kò tíì bímọ nígbà náà, nítorí náà Ìyá Ese ni gbogbo ojúlé ń pè wọ́n, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Ní ọdún 1987, Ọlọ́run ṣíjú àánú wò wọ́n, wọ́n bí Usamah. Ayọ̀ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, Alhaja Sàfíátù, ti gbààwẹ̀, wọ́n ti sunkún nítorí ọmọ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, níwájú àwọn Alfa àti àlejò, wọ́n dìde, wọ́n ní ìjọba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ti parí. Láti òní lọ, Ìyá Usamah ni kí gbogbo ènìyàn máa pe ìyàwó àwọn. Àwọn àlejò ṣe àmín.

Ese, ọmọ ọdún méje, gbọ́ ọ. Ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Nígbà tí Alhaja wá a kàn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu rẹ̀: “Mummy, so who get me now?”

Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ tó ti dàgbà ju pípọ̀n lọ sẹ́yìn, wọ́n fi ọ̀já gbá a pọ̀. Àwọn àgbà obìnrin ń pariwo pé abiyamọ ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n, kí wọ́n má pa ara wọn. Wọn kò gbọ́. Ese lẹ́yìn, Usamah lọ́wọ́, wọ́n rìn gba àárín àlejò kọjá, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Alhaja Sàfíátù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin lẹ ni mí, ẹ̀yin lẹ ni Usamah. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kọ́kọ́ pè mí ní ìyá, orúkọ rẹ̀ ni mò ń jẹ́. Bí ẹ bá pè mí ní òmíràn, ẹ má bínú bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn mi.”

“Ohun tí o yàn nìyẹn, ìyàwó?” ni Alhaja Sàfíátù wí. “Ó dáa. Orúkọ yẹn kò ní ti ẹnu mi jáde láéláé.”

Ọkùnrin kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn lójú àlejò, nítorí náà Alhaji Lùkúmọ̀n kò sọ nǹkan kan. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fèsì, ọ̀dà pupa ni wọ́n sì fi fọhùn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn: MAMA ESE'S HOUSE, kọ́mà-òkè rẹ̀ tó ẹ̀wà rírẹ. Nígbà tí Alhaja Sàfíátù dé láti kí ọmọ tuntun, wọ́n kà á, wọ́n yípadà. Láti ọjọ́ náà, wọn kò gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé mọ́. Wọn kì í ṣe ìkà. Wọ́n ń fi ẹran Iléyá ránṣẹ́, wọ́n sì ń wá sí ojú fèrèsé lójú pópó láti kí ilé, tí wọ́n á pe Alhaja ní “ìyàwó wa.” Alhaja á jẹ́ wọn, wọ́n á kúnlẹ̀ nínú yàrá lọ́hùn-ún, wọ́n á sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọlé. Ẹ̀gbọ́n á ní àwọn ń kánjú.

Ní ọdún 1990, wọ́n bí Zulfah. Alhaja Moríyọ̀ bá iṣẹ́ ìjọba lọ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2012. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn wà káàkiri lórí ọkọ̀ ojú omi, nínú ọ́fíìsì ní Àpápá, ní ilé ẹjọ́ àti ní ọjà. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 2006, wọ́n sì fi wọ́n jẹ Ìyá Àdínì lọ́dún tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, wọ́n ń kọ́ ọmọ àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ọmọ mùsùlùmí àti ọmọ onígbàgbọ́. Àwọn tó ń tẹ bánà fùlẹ́ẹ̀sì náà á mú fóònù wá kí wọ́n bá wọn yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Èèyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe máláíkà. Agídí wọn kò kéré. Wọ́n dá ìwé ìpè ìgbéyàwó Zulfah padà fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́ títí ọkọ ìyàwó fi ń bẹ̀rù pé ìgbéyàwó kò ní lè wáyé mọ́. Bí wọ́n bá lọ kí aláìsàn, wọ́n á kọ́kọ́ wá àṣìṣe nínú ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ilé ìwòsàn kí wọ́n tó wo aláìsàn. A ń bínú sí wọn nígbà náà. Báyìí, bí a bá kọjá lára pátákó tí wọ́n kọ bó ṣe yẹ, ọ̀fọ̀ wọn ló ń ṣe wá.

Alhaji Lùkúmọ̀n jẹ́ ìpè Ọlọ́run ní ọdún 2014. Abẹ́ ìbòrí ìta ni Alhaja Sàfíátù jókòó sí ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ṣọ̀fọ̀ àbúrò wọn. Ní ọdún 2021, àìsàn rọpárọsẹ̀ dá Alhaja Moríyọ̀ dùbúlẹ̀, ó mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu wọn. Ese, tó ti di ọ̀gá ní iléeṣẹ́ akẹ́rù kan ní Àpápá, kó kúrò nílé rẹ̀ ní Ìjọrà, ó padà sínú yàrá tí wọ́n ti tọ́ ọ. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní àkókò àsárì, Alhaja Sàfíátù wá sójú fèrèsé bí ìṣe wọn. Wọ́n rí Ese tó bu omi sínú abọ́, tó ń ṣe àlùwàlá fún ìyá rẹ̀: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá, orí, etí, títí kan ẹsẹ̀, láìfo ọ̀kankan. Àgbélébùú ìyá tó bí i wà lọ́rùn rẹ̀. Ó yí àwọn ìrọ̀rí padà kí ojú Alhaja lè kọ kíbílà, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí wọ́n fi fi ojú kírun tán. Alhaja Sàfíátù kò kí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Wọ́n rọra yípadà, wọ́n lọ sílé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Alhaja Moríyọ̀ Gbàdàmọ́sí dágbére fáyé ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, wọ́n sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí. Lọ́jọ́ kẹta, ẹbí jókòó láti ṣètò ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Àwọn kan ní Usamah ni kí a kọ ní àkọ́bí, kí a sì kọ Ese sísàlẹ̀, sábẹ́ àwọn tí olóògbé tọ́. Usamah ní òun kò ní fọwọ́ sí i. Ohùn ròkè, ohùn ròdò. Ese ní kí wọ́n má jà, kí wọ́n kọ ọ́ bó bá ṣe wù wọ́n.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Alhaja Sàfíátù, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, fi ọ̀pá wọlé, wọ́n sì jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣófo.

“Kí lẹ ń jà sí?” ni wọ́n béèrè. “Ẹ kọ Ese ṣíwájú. Òun ni àkọ́bí Ìyá Ese.”

Ẹkún gba ẹnu àgbà náà, wọ́n sì ń pe orúkọ tí wọ́n ti fi du ìyàwó àbúrò wọn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn: “Ìyá Ese, mo wọlé o. Ìyá Ese, mo pẹ́ kí n tó dé, má bínú.” Ese lọ kúnlẹ̀, ó gbórí lé wọn lẹ́sẹ̀, àwọn méjèèjì sì sunkún.

Alhaja Moríyọ̀ Gbàdàmọ́sí fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ sáyé lọ: Ese, àkọ́bí; Usamah, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Kírìkírì; Zulfah, tó ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn; ọkọ ọmọ; aya ọmọ; àwọn ọmọ-ọmọ, ìyẹn Rukevwe ọmọ Ese, Lùkúmọ̀n kékeré ọmọ Usamah, àti Tóbilọ́ba ọmọ Zulfah; ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, Alhaja Sàfíátù; àti àwọn ọmọ ilé ìwé tí a kò lè kà tán.

Kí Ọlọ́run Ọba tẹ́ sàréè fún wọn, kí Ó tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀, kí Ó fi Àlùjánnà onídẹ̀ra ṣe ilé wọn. Kí àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ má ṣe tú ká. Ẹnu àgbà ilé ni ẹbí gba ìdágbére yìí, gbogbo wa ni a sì jọ ń sọ ọ́:

Ìyá Ese, sùn re o.